Ọba Tó Gbé Ìbọn: Ohun Tí Eré Shotgun King Mọ̀ Nípa Ọba, àti Èyí Tí Kò Mọ̀

Ọ̀kan nínú yín tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá ló kọ̀wé sí mi pé, "Prof, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ayò àti ṣẹ́ẹ̀sì, kí lẹ rí sí Shotgun King? Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ò sọ̀rọ̀ nǹkan míì mọ́." Mo ní kó fún mi láyè kí n ta á dáadáa ná. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí mo ti ń ta á lálaalẹ́. Èsì mi nìyí. Ó gùn díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń sọ ní ìdúró.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa fọkàn ro ohun tí mi ò sọ. Eré náà dára, ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó bá mọ ṣẹ́ẹ̀sì á gbádùn rẹ̀. Ó mọ bí ọba ṣẹ́ẹ̀sì ṣe ń rìn ju ọ̀pọ̀ eré tí mo ti rí lọ. Àmọ́ ohun tí ọba jẹ́ gan-an, kò mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ bá a rò.

Bí eré náà ṣe rí

Àwọn méjì kan nílẹ̀ Faransé, Rémy Devaux àti Benjamin Soulé, tí wọ́n ń fi PUNKCAKE Délicieux ṣe orúkọ iṣẹ́ wọn, ló ṣe é. Ọdún 2022 ló jáde. Eré kékeré ni, kò gba àyè lórí kọ̀ǹpútà, ìtàn inú rẹ̀ kò sì ju ìpínrọ̀ kan lọ. Ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀: ojú 64, mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóròó. Ọba funfun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà lápá kan. Lápá kejì, ọba dúdú nìkan ló dá dúró.

Ìtàn tí wọ́n fi ṣí eré náà ni pé ọba dúdú yìí rorò. Gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ dìtẹ̀, wọ́n kó ara wọn lọ bá ọba funfun, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ló bá gbé ìbọn ààfin, ó ní òun ń lọ gba ìtẹ́ òun, àwọn èèyàn òun, ààfin òun àti ìyàwó òun padà. Kí ẹnikẹ́ni má fi "dúdú" àti "funfun" da ọ̀rọ̀ rú o. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, àwọ̀ kò ju pé ká mọ ẹni tó kọ́kọ́ ta lọ.

Tó bá kan yín, ohun méjì lẹ lè ṣe. Ẹ lè sún sí ojú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bí ọba ṣẹ́ẹ̀sì ṣe ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Tàbí kí ẹ yìnbọn. Ọta inú ìbọn kò pọ̀, tí ẹ bá sì yìn ín tán, ìrìn lẹ fi ń ki òmíràn. Ọta yìí máa ń fọ́nká: bí ẹni tí ẹ dojú kọ bá sún mọ́ yín, gbogbo rẹ̀ ló máa bà á, bó bá jìnnà, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ṣòfò. Àwọn funfun náà ní òfin tiwọn. Olúkúlùkù wọn ní iye ìgbà tó ń dúró kó tó gbẹ́sẹ̀, ó sì ní iye ọta tó lè gbà kó tó ṣubú. Bí wọ́n bá ká yín mọ́ ibi tí kò sí ojú tí ẹ lè sá sí, ó parí nìyẹn, ẹ ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá yìnbọn pa ọba funfun, ẹ gòkè sí ìpele tó kàn.

Ní òpin ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á na káàdì sí yín, méjì-méjì. Káàdì kan máa ràn yín lọ́wọ́, èkejì tó so mọ́ ọn máa ran ọ̀tá lọ́wọ́. Ẹ kò lè mú ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Tibi-tire la dálé ayé, àwọn ará Faransé náà mọ̀ ọ́n.

Ìrìn ni gírámà rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí pé bí a bá fẹ́ mọ bí òfin kan ṣe lágbára tó nínú èdè, a máa ń yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀, a ó wá wo ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ wo "gbé ọmọ" tó di "gbọ́mọ". Fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ti lọ, ohùn òkè tó wà lórí rẹ̀ kò lọ. Ó fò sórí fáwẹ̀lì tó ṣẹ́kù, ó jókòó síbẹ̀. Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn pé ohùn kì í ṣe ẹrú fáwẹ̀lì.

Ohun tí àwọn tó ṣe eré yìí ṣe sí ṣẹ́ẹ̀sì nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n kó gbogbo ọmọ ogun dúdú kúrò. Wọ́n fún ọba ní ohun tí kò sí nínú ṣẹ́ẹ̀sì rí. Ohun tó wá kù nílẹ̀ ni òfin ìrìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, òfin yìí sì dúró ṣinṣin débi pé òun nìkan ló tó láti gbé odindi eré.

Ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́ṣin máa ń fò: ojú méjì síwájú, ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í sì bìkítà fún ẹni tó wà láàárín. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn ni pé kò lè mú ohunkóhun tó wà ní ojú tó fara kan tirẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ọkàn yín ti lè balẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ibẹ̀ náà sì ni ìbọn ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bíṣọ́ọ̀bù ń rìn láti igun sí igun. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí ojú funfun, orí funfun ló máa wà títí eré á fi parí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan péré sí ojú dúdú, ẹ ti jáde kúrò láyé rẹ̀. Ọmọ ogun ẹsẹ̀ ń rìn síwájú, ṣùgbọ́n ìgun ló fi ń mú èèyàn. Bí ẹ bá dúró gbàgà níwájú rẹ̀, kò lè fọwọ́ kàn yín. Ilé ìṣọ́ ń lọ gbọọrọ, ẹni tó bá dúró sí igun rẹ̀ ti bọ́. Olorì nìkan ni kò sí ibi ìsinmi kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wà nítòsí rẹ̀ tí kò sí ohun tó dábùú ọ̀nà rẹ̀, ibi tí ẹlẹ́ṣin ìbá fò sí láti ojú rẹ̀ ni ibi tó súnmọ́ jù tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.

Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí ọpọ́n kan, pẹ̀lú ọba tó ní ojú 8 láti sá sí bó bá wà láàárín, 5 bó bá wà létí, 3 péré bó bá há sí igun. Ó di àlọ́ àpamọ̀. Èwo ni ojú kan ṣoṣo tí ẹlẹ́ṣin kò dé, tí kì í ṣe ti bíṣọ́ọ̀bù yìí, tó sì wà níwájú ọmọ ogun ẹsẹ̀ yẹn? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà nígbà gbogbo. Mo ti rí ara mi tí mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo ojú ọpọ́n kan ṣoṣo bí ẹni wo odù.

Ohun kejì tó wù mí ni pé ìbọn kò sọ ọba di ọ̀lẹ. Bí ẹni tó ń ta bá dúró sójú kan tó ń yìnbọn, kò ní í pẹ́ tí ìbọn á fi gbẹ. Ó ní láti rìn kó tó lè ní ọta, bó bá sì ń rìn, ó ń wọ ọ̀nà ẹlòmíràn. Ẹni tó ro èyí mọ́ eré náà gbọ́n.

Ohun kẹta ni ti ẹ̀mí. Bí ẹ bá pa ẹlẹ́ṣin tàbí bíṣọ́ọ̀bù, ẹ ó gba ẹ̀mí rẹ̀ sọ́wọ́, ẹ sì lè fi rìn lẹ́ẹ̀kan bí òun ṣe ń rìn. Ọba tó ń rìn lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ṣàdédé fò bí ẹlẹ́ṣin, á padà di ọba. Lójú mi, èyí ni èrò tó jinlẹ̀ jù nínú eré náà. Ó yà ìrìn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń rìn ín, bí ìgbà tí a yọ ohùn kúrò lára fáwẹ̀lì.

Àbùkù rẹ̀ ní apá yìí kò ju ẹyọ kan lọ: oríire pọ̀ jù nínú káàdì. Ìgbà mìíràn wà tí káàdì tí wọ́n máa na sí yín á jẹ́ pé èyí tí ẹ bá mú, ẹ ti gbé. Ọ̀ta ayò kò ní gba irú ìyẹn. Lórí ọpọ́n ayò, ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ wà lójú gbangba. Ọ̀pẹ tó bá pàdánù kò ní ẹni tó máa bínú sí àfi orí ara rẹ̀.

Orúkọ àti ìrìn

Kì í ṣe òní ni àwọn èèyàn ti ń tún ṣẹ́ẹ̀sì ṣe. Láti Íńdíà ló ti kọjá sí Páṣíà, àwọn Lárúbáwá gbé e dé Yúróòpù, gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti fún àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ tuntun. Ẹ wo bíṣọ́ọ̀bù. Erin ni lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, wọ́n ń pè é ní fíl. Àwọn Sípéènì gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, wọ́n ṣì ń pè é ní alfil títí dòní láìmọ̀ pé erin ni wọ́n ń pè. Àwọn Rọ́ṣíà pè é ní slon, erin náà ni. Àwọn Faransé pè é ní fou, ìyẹn wèrè tàbí aláwàdà ààfin. Àwọn Jámánì pè é ní Läufer, ẹni tó ń sáré. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù. Orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìrìn kan ṣoṣo.

Ti olorì tún yàtọ̀. Lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, ọkùnrin olùdámọ̀ràn ni, ẹsẹ̀ kan ló sì ń gbé láti igun sí igun. Yúróòpù kọ́kọ́ sọ ọ́ di obìnrin, nígbà tó di apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún un ní agbára tó ní báyìí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní Shotgun King ba ṣẹ́ẹ̀sì jẹ́ torí pé ó fi ìbọn kún un, ẹ bi í léèrè ta ló fún olorì lágbára tó ju ti ọkọ rẹ̀ lọ.

Ọba nìkan ni orúkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Ọba ni ní Páṣíà, ọba ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń parí eré, checkmate, láti inú èdè Páṣíà ló ti wá: shāh māt, ọba kò rí ọ̀nà mọ́. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé wọ́n pa á. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ẹnikẹ́ni kì í mú ọba kúrò lórí ọpọ́n. Bó bá ti há pátápátá, eré ti tán, a ó gbọn ọwọ́ ara wa. Ẹsẹ̀ kan ṣì kù sí ikú rẹ̀, a kì í sì í gbé ẹsẹ̀ yẹn.

Ó yẹ kí èyí yé Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. A kì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà. Erin wó. Kì í ṣe pé a kò mọ̀ pé èèyàn ni. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń dáàbò bò ju ara ẹni tó wà lórí ìtẹ́ lọ.

Shotgun King gbé ẹsẹ̀ tó kù yẹn. Ọba funfun ń gba ìbọn láyà ní ìpele kan dé òmíràn, ó ń ṣubú bí ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ ó dà bí ìyàlẹ́nu. Nígbà tó fi máa di ìgbà karùn-ún, "ọba" ti di orúkọ lásán fún ẹni tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa.

Ọba tí àwọn èèyàn rẹ̀ kọ̀

Ẹjọ́ mi gangan nìyí. Ìtàn ọba tí ọmọ ogun rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, Samuel Johnson sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Aláàfin Aólẹ̀ ní ìkùnsínú sí baálẹ̀ Apòmù, ó sì fẹ́ kí ogun lọ síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Ifẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ogun ṣí lọ sí Ìwéré-Ilé, ìlú tí kò yẹ kí ogun Ọ̀yọ́ fọwọ́ kàn, Àfọ̀njá tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì wà lára àwọn tó lọ. Àwọn olóyè àti ọmọ ogun yí padà. Wọ́n kọ̀ láti jà, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba. Gbogbo Ọ̀yọ́ ló mọ ohun tí igbá yẹn ń wí.

Kí ni Aólẹ̀ ṣe? Òun náà gbé ohun ìjà. Ó jáde síta, ó ta ọfà mẹ́ta: ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀-oòrùn. Kò ta á lu ẹnikẹ́ni. Ó fi èpè ránṣẹ́ lẹ́yìn ọfà náà, pé ibi tí ọfà òun dé ni wọ́n máa kó àwọn tó dalẹ̀ òun lẹ́rú dé. Ó wá fọ́ àwo mọ́lẹ̀, torí pé igbá là á sà, a kì í sà àwo. Lẹ́yìn èyí ló gbé májèlé jẹ.

Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Ọba inú eré gbé ìbọn, ó ń pa. Aólẹ̀ ta ọfà sófìfo, ó sọ̀rọ̀, ó sì lọ bí òfin ìtẹ́ ṣe ní kó lọ. Mi ò sọ pé Aólẹ̀ ṣe dáadáa. Èpè burúkú ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú ìtàn tiwa, ọba tí wọ́n kọ̀ mọ̀ pé ìtẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ tí igbá dé. Agbára tó kù sí i lọ́wọ́ ni ti ẹnu, apá kò lè gbà á sílẹ̀ mọ́. A tún gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì: ẹ̀ṣẹ̀ ọba wà níbẹ̀, ojúkòkòrò àwọn olóyè náà wà níbẹ̀.

Nínú Shotgun King, gbólóhùn kan ni ẹ̀ṣẹ̀ ọba gbà: ó rorò. Kí ló ṣe fún wọn? A ò gbọ́. Kí nìdí tí ìyàwó rẹ̀ fi lọ? A ò gbọ́. Wàyí o, ó ní òun ń lọ gba àwọn èèyàn òun padà, àwọn èèyàn yìí kan náà ló sì ń yìnbọn sí. Ọmọ ogun ẹsẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ yẹn, ọmọ ìlú rẹ̀ ni lánàá. Bó bá pa gbogbo wọn tán, ta ni yóò máa kí i ní "Kábíyèsí"? Èèyàn ni aṣọ mi, Yorùbá ló wí bẹ́ẹ̀. Ọba yìí ń ya aṣọ rẹ̀ kó lè rí i gbà padà.

Àwọn tó ṣe eré náà lè sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni àwọn ń ṣe, pé ìwọ̀sí ọba apàṣẹwàá ni ẹ̀rín ibẹ̀. Mo gbà, mo sì rẹ́rìn-ín náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tó dáa máa ń mọ ohun tó ń fi ṣẹ̀sín. Bí wọ́n bá ti mú ọ̀rọ̀ náà dé òpin, ìbéèrè tí mo bi yìí ìbá wà nínú eré fúnra rẹ̀, ìyẹn pé bí ọba bá ṣe ń pa tó, ni ohun tó ń wá ń kéré tó. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n fò ó kọjá bí ẹlẹ́ṣin.

Tí a bá fẹ́ fi ojú Yorùbá wo ẹni tó wà lórí ọpọ́n yìí, ọdẹ la máa pè é. Ọdẹ tiwa pàápàá kì í sábà dá lọ sí ibi tó le. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938, nígbà tí ọba rán Àkàràògùn sí Òkè Láńgbòdó, ńṣe ló kó ẹgbẹ́ jọ: Kàkó pẹ̀lú kùmọ̀, Ìmọ̀dóye pẹ̀lú ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ pẹ̀lú orin, àtàwọn mìíràn. Ohun tí ẹnì kan lè ṣe, ẹnì kejì kò lè ṣe é. Ẹgbẹ́ yẹn jọ ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì ju ọba oníbọn yìí lọ. Bí ọ̀dọ́ kan ní Yábàá bá ń wá ohun tó máa fi ṣe eré kékeré tiwa, ó ti rí i.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ẹsẹ̀

Kí ló wá kàn wá nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá torí pé ní apá ibí yìí ní Èkó, ṣẹ́ẹ̀sì ti kúrò ní eré àwọn olówó. Túndé Ọnàkọ̀yà, tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì wá kàwé ní Yaba College of Technology, dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018. Wọ́n gbé ọpọ́n lọ sí Makókó, níbi tí ilé dúró lórí omi, wọ́n gbé e lọ sábẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù kẹrin 2024, òun àti Shawn Martinez ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York láti kó owó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ.

Ọmọ ogun ẹsẹ̀ ni ọkàn irú ẹ̀kọ́ yìí. Òun ló kéré jù. Òun nìkan ni kò lè padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bó bá rìn dé ìlà ìkẹyìn, ó lè di olorì, ilé ìṣọ́, bíṣọ́ọ̀bù tàbí ẹlẹ́ṣin, èyí tó bá wù ú, àfi ọba nìkan. Ọmọ tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sílé ẹ̀kọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un.

Lójú ọba oníbọn, ọmọ ogun ẹsẹ̀ yìí kan náà ni ohun tó ń dí ọ̀nà. Kódà ẹ̀mí rẹ̀ kò wúlò láti gbà. Mi ò sọ pé eré máa ba ọmọ jẹ́ o. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀, wọ́n ti rò ó mọ́ sinimá àti fídíò rí. Ohun tó ká mi lára ni èyí tó kọ́kọ́ dé. Ọmọ tó bá ti mọ ṣẹ́ẹ̀sì, tó ti sin ọmọ ogun ẹsẹ̀ tirẹ̀ dé òpin ọpọ́n rí, máa rí àwàdà inú Shotgun King. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n rí á gbà pé bí ayé ọpọ́n ṣe rí nìyẹn: ẹni kan, ìbọn kan, àwọn yòókù ọ̀tá. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún olùkọ́ tó kọ̀wé sí mi ni pé kó kọ́ wọn ní ṣẹ́ẹ̀sì fún sáà kan ná, kó tó ṣí eré yìí fún wọn. Bí wọ́n bá wá ta á, kó béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí àwọn èèyàn ọba yìí fi sá.

Oríkì fún ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni iṣẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì níbí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ, kódà àwọn tó jẹ́ pé Yorùbá tàbí Ègùn ni wọ́n ń sọ nílé. "Knight" kò sọ nǹkan kan fún wọn, "rook" kò sọ nǹkan kan. Orúkọ Yorùbá tí mo lò nínú àròkọ yìí kò burú, àmọ́ kò tó. Olorì ni mo pe ìyẹn, mi ò pè é ní Ọbabìnrin, torí pé Ọbabìnrin ni ẹni tó fúnra rẹ̀ jọba, olorì sì ni aya ọba. Síbẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe lójú ogun jọ ti Kakaǹfò. Ó hàn pé orúkọ oyè nìkan kò lè sọ ìrìn.

Yorùbá ní ohun tó ń sọ ìrìn èèyàn: oríkì ni. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, ká fi oríkì kún un, kí ọmọ kékeré lè ké e bó ṣe ń to ọpọ́n:

Ọba, arọra-gbẹ́sẹ̀.
Olorì, arìn-síbi-tó-wù-ú.
Ilé Ìṣọ́, alọ-gbọọrọ-má-yà.
Bíṣọ́ọ̀bù, agba-igun-má-pàwọ̀-dà.
Ẹlẹ́ṣin, afò-lórí-ọ̀rẹ́-fò-lórí-ọ̀tá.
Ọmọ ogun ẹsẹ̀, atẹ̀síwájú-má-padà.

Ọmọ tó bá ké mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí dáadáa ti mọ púpọ̀ nínú òfin ìrìn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn tó ṣe Shotgun King fi hàn wá pé ìrìn lè dá dúró láìsí orúkọ. Ká fi ìyẹn jẹ èrè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń kọ́ ọmọ ní ṣẹ́ẹ̀sì ní Mushin, ní Surulere, ní Ìkòròdú, àwọn kan wà ní Kútọnu àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí àwọn ọmọ ń pe ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, pàápàá orúkọ tí àwọn fúnra wọn sọ ọ́, ì báà jẹ́ Yorùbá, Ègùn tàbí pijin. Bí oríkì tèmi kò bá dùn lẹ́nu wọn, kí wọ́n yí i. Màá to gbogbo rẹ̀ jọ síbí kí ọdún yìí tó parí.